Bí Ọmọ Àyàn Ṣe Dé Yunifásítì Ifẹ̀

Bí o bá gba òpópó Ọba Àkran ní Ìkẹjà lọ sí ìhà Àgègè lọ́sàn-án Sátidé, ariwo jẹnẹrétọ̀ ni yóò kọ́kọ́ dé etí rẹ, ohùn gángan ni yóò tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ilé ẹrù tí wọ́n ti ń kó ọjà jáde nígbà tí iléeṣẹ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru ti di gbọ̀ngàn ìnáwó, àwọn mìíràn ti di ilé ìjọsìn. Inú wọn ni àwọn onílù ti ń jẹun báyìí.

Níbi ìsìnkú àgbà kan tí mo lọ ní Ọgbà, bàbá onígángan kan tọ̀ mí wá. Kò mọ̀ mí rí. Ó bi ẹni tó jókòó tì mí ní ìlú mi, ó sì kọjú ìlù sí mi. Kí n tó mọ̀, ó ti pe orílẹ̀ baba mi, ó ti bú mi díẹ̀ pé n kò tètè tọwọ́ bàpò, ó sì ti bẹ̀ mí padà. Mo ná an lówó. Nígbà tí wọ́n sinmi, mo bi í níbi tó ti kọ́ṣẹ́. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n ní kó wá sọ ibi tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹun. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó nídìí dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Òun ní tirẹ̀ gboyè nínú ẹ̀kọ́ orin. Mo ní, "Ta ló wá kọ́ ọ ní dùndún ní yunifásítì?" Ó fi ẹnu tọ́ka sí bàbá náà. "Irú wọn náà ni, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lẹ́kíṣọ́rà ni wọ́n ń pè wọ́n."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé délé lọ́jọ́ náà.

Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) ní ibùdó kan ní Ìkẹjà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìṣègùn ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ọmọ Àgègè tó bá fẹ́ fi orin gboyè yóò kọjá lọ sí Ọ̀jọ́ tàbí Yunifásítì Èkó ní Akọka, tàbí kí ó wọ mọ́tò kó máa lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Ti Ifẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ìlù wa ti kọ́kọ́ rí ààyè gidi jókòó sí láàárín àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ jìnnà sí ti Ìkẹjà. Ọmọ baba kan náà ni wọ́n.

Kó tó di 27 Oṣù Karùn-ún 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, Ìkẹjà àti Àgègè kì í ṣe ara Èkó. Ìbàdàn ni wọ́n ti ń ṣàkóso wọn, lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ìjọba yẹn ló la ilẹ̀ iléeṣẹ́ Ìkẹjà ní apá ìparí àwọn ọdún 1950, tó pe àwọn oníṣòwò òkèèrè wá kọ́ ilé ìpọntí àti ilé rọ́bà síbẹ̀. Guinness dé ní 1962. Ní ọdún 1962 yẹn náà, nínú Oṣù Kẹwàá, ni yunifásítì tí ìjọba kan náà fi òfin dá sílẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú ṣílẹ̀kùn. Ìbàdàn ló ti bẹ̀rẹ̀, kó tó kó lọ sí Ifẹ̀ ní 1967. Iléeṣẹ́, yunifásítì àti tẹlifíṣọ̀n WNTV tó ti ń fi àwòrán hàn láti 1959: èrò kan ló bí gbogbo wọn, owó kòkó ló sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn tó wà nídìí ètò náà fẹ́ kí Yorùbá ní ẹ̀rọ, kó ní ìwé, kó má sì sọ ohun tirẹ̀ nù. Nítorí ẹ̀kẹta yìí ni yunifásítì Ifẹ̀ ṣe ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Áfíríkà láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Èwo ni à ń pè ní ẹ̀kọ́ orin nígbà náà? Dùrù ni, àti orin ìyìn, àti ìdánwò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn míṣọ́nnárì kò fẹ́ gbọ́ ìlù nínú ṣọ́ọ̀ṣì, torí wọ́n ní tòrìṣà ni. Àwọn ọ̀gá olórin Cathedral Church of Christ ní Marina ló gbìyànjú láti tún nǹkan ṣe. T. K. E. Phillips, tó lu dùrù níbẹ̀ láti 1914 títí di 1962, kọ ìwé kan lórí orin Yorùbá ní 1953. Ohun tó jẹ ẹ́ lógún ni bí orin ìyìn kò ṣe ní máa yí ohùn ọ̀rọ̀ po, kí "ọkọ́" má di "ọkọ̀" lẹ́nu akọrin. Etí rere ni baba yẹn ní. Ṣùgbọ́n ohùn èèyàn ló ń tún ṣe, onílù ṣì wà níta.

Kí a má sì rò pé àwa nìkan ni a fojú rénà ìlù. Ní ilẹ̀ Òyìnbó pàápàá, ẹ̀yìn pátápátá ni onílù ń jókòó sí nínú ẹgbẹ́ akọrin ńlá, tí yóò máa ka ìlà tí kò lù títí yóò fi kan òun. Ọdún 1931 ni olórin Edgard Varèse parí Ionisation, iṣẹ́ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlù àti agogo nìkan ló wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn sì kà á sí ariwo. Ó di 1950 kí Paul Price tó jẹ́ kí yunifásítì Illinois gba ẹgbẹ́ onílù gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè gba máàkì lé lórí. Nítorí náà, nígbà tí yunifásítì Nsukka dá ẹ̀ka orin àkọ́kọ́ ní yunifásítì ilẹ̀ wa sílẹ̀ ní nǹkan bí 1961, ìlù gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìwé kò tíì pẹ́ láyé níbikíbi.

Ẹni tó gbé e dé Ifẹ̀, ọmọ Èkó ni. Wọ́n bí Akin Euba ní 1935. Píánò ló fi bẹ̀rẹ̀, píánò náà ló lọ kọ́ ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1952 sí 1957. Ó padà wálé, ó ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka orin rédíò NBC, ibi tí èèyàn ti lè gbọ́ gbogbo ohùn Nàìjíríà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àjọ Rockefeller ló rán an lọ sí UCLA ní Califọ́níà ní 1962. Ibẹ̀ ni ọ̀jọ̀gbọ́n Mantle Hood ti ń wàásù pé ẹni tó bá fẹ́ mọ orin ẹ̀yà kan gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ lù ú, kó má kàn jókòó máa kọ̀wé nípa rẹ̀. Mo máa ń rò ó wò pé ohun ìyanu ni yóò jẹ́: ọmọ Èkó tó mọ Bach dé egungun, tó wá gbọ́ lẹ́nu Òyìnbó Amẹ́ríkà pé kí ó padà sílé lọ jókòó ti àwọn onílù.

Ó sì padà. Lẹ́yìn tó ti kọ́ni díẹ̀ ní Akọka, ó dé Ifẹ̀ ní 1968. Láàárín àkókò tó wà níbẹ̀ ló forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì Legon ní Gánà, lábẹ́ Kwabena Nketia, tó sì gba oyè dókítà ní 1974 pẹ̀lú ìwé tó kọ lórí orin dùndún. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìwé Phillips tí Nketia fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tirẹ̀ jáde nípa ìlù àti orin Akan, àwọn ará Legon sì ti gba onílù sínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wọn kó tó di pé a ronú kàn án níhìn-ín. N kò ní fi èyí pa mọ́: Gánà ṣáájú wa.

Ọdún tí Euba dé Ifẹ̀, 1968, ni Michael Crowder, òpìtàn tó jẹ́ olùdarí Ilé Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Áfíríkà, dá Orí Olókun sílẹ̀. Inú ìlú ni wọ́n fi í sí, wọn kò gbé e sínú ọgbà yunifásítì. Ibi tí wọ́n fi í sí yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe. Ẹni tó ń ta ẹ̀kọ lójú ọ̀nà lè yà wọlé. Kò sí ẹ̀ṣọ́ tí yóò bi onílù léèrè káàdì. Ọlá Rótìmí wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe eré rẹ̀ The Gods Are Not to Blame lọ́dún yẹn. Peggy Harper ń kọ́ wọn ní ijó. Euba ń bójú tó orin. Ọmọ ilé-ìwé, télọ̀, akọ̀wé àti onílù ń jẹ ẹ̀wà láti inú ìkòkò kan náà. Lójú agbo báyìí, kò sẹ́ni tó máa ń rántí bi onílù ní sàtífíkéètì, nítorí pé bí kò bá sí, eré kò ní lọ.

Ní àárín àwọn ọdún 1970 ni nǹkan yí padà. Ilé Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Áfíríkà tú ká sí ẹ̀ka-ẹ̀ka, orin gba yàrá tirẹ̀, eré gba tirẹ̀, iṣẹ́ ọnà gba tirẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé láti ìgbà yẹn ni ọmọ lè kọ "Orin" sínú fọ́ọ̀mù kó sì fi gboyè. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka tó ń fúnni ní oyè ní òfin tirẹ̀. Ó ń fẹ́ kírẹ́díìtì márùn-ún lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, Gẹ̀ẹ́sì sì wà nínú rẹ̀. Ó ń fẹ́ oyè lọ́wọ́ olùkọ́. Ọmọ Àyàn, ìyẹn ọmọ ìdílé onílù, tí baba rẹ̀ ti gbé gúdúgúdú kọ́ lọ́rùn kó tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì kò lè wọlé gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, kò sì lè wọlé gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Ọ̀nà kẹta ló kù fún un, kí ó wọlé gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ kékeré. Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí n kò ní dárúkọ, mo rí ìwé owó oṣù níbi tí wọ́n ti to àgbà onílù kan pọ̀ mọ́ àwọn tó ń gbá ilẹ̀. Owó rẹ̀ kò tilẹ̀ bí mi nínú tó ìlà tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Ẹni tó la àárín ọ̀rọ̀ yìí já ni Mùráínà Oyèlámì, ọmọ Ìràgbìjí tí wọ́n bí ní 1940. Ayàwòrán ni ọ̀pọ̀ mọ̀ ọ́n sí, nítorí pé ó wà lára àwọn tí Ulli àti Georgina Beier kó jọ ní Òṣogbo ní 1964. Ó wà nínú ẹgbẹ́ eré Dúró Ládipọ̀ náà, tó gbé Ọba Kò So lọ sí Berlin lọ́dún yẹn, eré tí ìlù inú rẹ̀ kì í ṣe ohun ìdárayá: bí bàtá bá ṣìnà, Ṣàǹgó kò ní lè jáde. Iṣẹ́ eré yìí ló gbé e dé Ifẹ̀, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlù níbẹ̀. Ohun tó rí ni pé ọmọ tó wá láti King's College tàbí láti Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní ọdún mẹ́wàá tí ọmọ Àyàn máa ń fi jókòó sẹ́yìn baba rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ló ní, wákàtí mélòó kan lọ́sẹ̀. Ó nílò ohun tí yóò gbé lọ sílé lọ fi ṣe ìdánrawò.

Ìwé ńkọ́? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le.

Ìyáàlù dùndún ní ojú méjì, ọ̀sán tẹ́ẹ́rẹ́ ló so wọ́n pọ̀. Ọwọ́ kan ń fún ọ̀sán tàbí ó ń dẹ̀ ẹ́, ọwọ́ kejì ló mú kọ̀ǹgọ́. Bí onílù bá fún un, ohùn á ròkè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, á wálẹ̀. Bí ó bá lù ú tán kó tó fún un, ohùn á yọ́ gòkè bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gan-an. Ìlà márùn-ún ni orin alákọsílẹ̀ Òyìnbó ní, nóòtì kọ̀ọ̀kan sì ní ibi tó ń gbé tí kì í kúrò. Ohùn òkè onílù kò ní ilé kan báyẹn. Ó jẹ́ ohùn òkè nítorí pé ó ga ju ohùn àárín tó ṣáájú rẹ̀ lọ, ó tán. Bí ìrì bá sẹ̀ sí awọ, tàbí oòrùn pa á, gbogbo nóòtì á ṣí nípò, ọ̀rọ̀ tí ìlù ń sọ kò sì ní yẹ̀. Ẹni tó bá wá kọ "sọ̀" síbẹ̀ ti kọ ohun tó gbọ́ lọ́jọ́ yẹn, kò tíì kọ ohun tí onílù mọ̀.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ìlù ní ohùn, kò ní ètè. Ohùn méjì tàbí mẹ́ta lè jẹ́ ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí onílù fi máa ń gba inú oríkì àti òwe kọjá, kí gígùn gbólóhùn lè tú ohun tí ohùn nìkan dì. Òwe bí òwe là ń lùlù àgídìgbo, dùndún náà kò yàtọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbọ́ oríkì rí lè lu gbogbo rẹ̀ pé pérépéré kó má mọ ohun tó sọ. Lábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn, kẹríkẹrì, ìsáájú àti ìkẹ́hìn ń tẹ tiwọn mọ́lẹ̀, gúdúgúdú olójú kan tí wọ́n fi ìda lẹ̀ lójú ń ké láàárín wọn, bílálà méjì ni wọ́n fi ń nà án. Ọmọ tó ti inú píánò wá yóò máa wá ibi tí "ìkíní" wà. Ìlù kọ̀ọ̀kan yóò fi ibi ọ̀tọ̀ hàn án. Àwọn olùkọ́ ní pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yìí ni wọ́n ti ń mọ ẹni tí yóò dúró.

Oyèlámì gbìyànjú ọ̀nà ìkọsílẹ̀ tuntun fún dùndún, pẹ̀lú ìdánrawò àti ìlù oríṣi márùn-ún. Ìwé náà jáde ní 1989, ti bàtá tẹ̀ lé e ní 1991. Ìwé Euba, Yoruba Drumming: The Dùndún Tradition, jáde ní 1990. Bayreuth ní Jámánì ni gbogbo wọn ti jáde, níbi tí Ulli Beier ti dá Iwalewa-Haus sílẹ̀ ní 1981. Ìyẹn ni pé ọmọ Ifẹ̀ tó bá fẹ́ ka ìwé lórí ìlù tó ń dún lẹ́yìn ilé baba rẹ̀, ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Jámánì ni yóò máa wá. Náírà ti ṣubú nígbà náà. Ẹ̀dá ìwé tí wọ́n fi fọ́tòkọ́pì ṣe ló gbilẹ̀ jù.

Ẹ̀ka náà kò kú. Yunifásítì Ifẹ̀ di Obafemi Awolowo University ní 1987, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n bíi Túnjí Vidal sì tẹra mọ́ iṣẹ́ lórí bí orin àti ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe ń bára wọn rìn. Joshua Uzoigwe, ọmọ Ìgbò tó ti kọ́ni níbẹ̀, kọ ìwé lórí Euba, ó sì gbé èdè ìlù lé orí píánò. Euba fúnra rẹ̀ ti kúrò. Pittsburgh ló ti ń kọ́ni láti 1993, ó sì kú ní Oṣù Kẹrin 2020.

Ọmọ Àyàn ní tirẹ̀ ń rìnrìn-àjò. Làmídì Àyánkúnlé àti Ràbíù Àyándòkun, àwọn méjèèjì ọmọ Èrìn-Ọ̀ṣun, gbé ìlù lọ sí Jámánì àti kọjá ibẹ̀. Debra Klein kọ ìwé lórí àwọn ará Èrìn-Ọ̀ṣun ní 2007. Ní 2010, Amanda Villepastour gbé ìwé jáde lórí ẹnà bàtá, ìyẹn èdè tí àwọn onílù fi ẹnu ń pe ìlù kí ọwọ́ tó lù ú, Àyándòkun ló sì fi ṣe olùkọ́. Ìwé rere ni. Bàtá kò ní ọ̀sán tí a ń fún bíi ti dùndún, àpapọ̀ ọwọ́ àti bílálà ló fi ń pín ohùn, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa fi máa ń ní bàtá kì í sọ̀rọ̀ yéni. Òun ni kò yé wa. Ó ń sọ.

Ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Ní 1970, olórin Steve Reich wá láti New York sí Legon, ó kọ́ ìlù Ewe lọ́dọ̀ Gideon Alorwoyie. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló parí Drumming. Alorwoyie náà rìn lọ sí Amẹ́ríkà, yunifásítì North Texas sì sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n lórí iṣẹ́ ìlù rẹ̀. Onílù ni wọ́n gbà, ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n pè é. Mi ò sọ pé ilé Òyìnbó ni ọ̀run. Mo kàn ń sọ pé ẹnìkan níbẹ̀ rí ìlà mìíràn tí wọ́n lè kọ orúkọ onílù sí.

Ní Ìkẹjà àti Àgègè, wọn kò dúró de yunifásítì. Tony Allen, tó jẹ́ òpómúléró afrobeat, fúnra rẹ̀ ló kọ́ra rẹ̀ ní dúrọ́ọ̀mù. New Afrika Shrine wà ní Agídíngbí láti 2000, ọmọ tó bá sì dúró sẹ́yìn onílù níbẹ̀ fún ọdún kan ti ṣe kíláàsì. Ní Alágbàdo, lójú ọ̀nà Àgègè sí Abẹ́òkúta, ibùdókọ̀ kan ń jẹ́ orúkọ Kollington Àyìnlá, ẹni tí wọ́n gbà pé ó gbé bàtá wọ fújì. Ṣọ́ọ̀ṣì ló wá tóbi jù. Nínú àwọn ilé ẹrù Ọba Àkran àti Ọ̀rẹ́gún yẹn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ń lu dúrọ́ọ̀mù lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé gángan há abíyá, pásítọ̀ sì ń jó. Bí àwọn míṣọ́nnárì bá jí!

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo bá pàdé ní Ọgbà náà, ilé ìjọsìn bẹ́ẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kó ìlù sínú mọ́tò, ó fa fóònù yọ, ó fi iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ hàn mí: ojú ewé méjìlélọ́gọ́rin, ìlà mẹ́ta ló fà dípò márùn-ún, ohùn òkè, àárín, ìsàlẹ̀. Ìlù bàbá náà ló kọ sílẹ̀. Odindi oṣù mẹ́rin ló fi ń lọ bá wọn nílé ní Òkè-Odò, tí á ní kí wọ́n tún un lù, kí wọ́n tún un lù. Bàbá yọjú wò ó. Kò mọ̀wé. Ó ní kí n wá orúkọ òun nínú rẹ̀ kí n kà á fún òun.

Mo yẹ ojú ewé àkọ́kọ́ wò, kò sí níbẹ̀. Ibi ìdúpẹ́ ni mo ti rí i, lẹ́yìn orúkọ pásítọ̀. Mo kà á sókè. Bàbá mi orí, ó na kọ̀ǹgọ́ sí mi pé kí n tún un kà.